Òǹkà àwìn ni kẹ́ ẹ máa pè é, ẹ yé fi ọmọlúàbí sí i

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àbúrò mi tó wà ní Maryland ní Amẹ́ríkà ya fọ́tò lẹ́tà kan, ó fi í sínú WhatsApp ẹbí wa. Bánkì kan lọ́hùn-ún ló kọ̀ tí ò fún un ní káàdì (credit card), ìkejì rèé láàárín oṣù kan, bẹ́ẹ̀ 761 nínú 850 ni wọ́n kọ sí i nínú lẹ́tà yẹn, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní credit score, tí wọ́n fi ń mọ bí èèyàn ṣe ń san gbèsè sí. Mi ò tíì kà á tán tí ìyá wa ti fi ohùn ránṣẹ́ láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) pé kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, pé ayé ló ń ṣe é. Ìyẹn ò bí mi nínú, ìyá ni. Ẹni tó bí mi nínú ni ẹ̀gbọ́n wa kan tó jẹ́ tíṣà ní Kétu, tó wá ń ṣàlàyé fún wọn pé "òṣùwọ̀n ọmọlúàbí" ni nọ́ńbà yẹn ń jẹ́ ní Yorùbá, pé tàbúrò wa ga, pé bánkì yẹn kàn fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ ni torí pé ó jẹ́ èèyàn dúdú.

Ẹ gbọ́ ná. Ta ló wọn ọmọlúàbí rí? Nọ́ńbà yìí ò mọ̀ bóyá ò ń kí àgbà, kò mọ̀ bóyá ò ń lu ìyàwó ẹ, olè tó bá ń san owó káàdì ẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ lè ní 800 kó sì lé. Tẹ́ ẹ bá ti sọ fún èèyàn pé ìwà ẹ̀ ni wọ́n wọ̀n, tó wá rí i pé ìwà òun ga, ṣé kò ní máa rò pé ẹni tó bá kọ òun kórìíra òun ni? Ìdajì ìjà tó wà nínú ẹbí wa lọ́sẹ̀ yẹn, orúkọ tẹ́ ẹ sọ nǹkan yìí ló fà á.

Èmi, òǹkà àwìn ni mò ń pè é. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń jà á, mi ò sì tíì rí ẹni tó borí mi.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń pè é ní "sikọọ kírédì" ńkọ́? Ẹ má bínú, lọ́dọ̀ tiwa níbí ní orílẹ̀-èdè Benin, kírédì ni ohun tá a ń rà sórí fóònù. Lọ sọ fún ọmọ zem (ọlọ́kadà) ní Ouando pé kírédì ẹ pọ̀, á ní kó o jọ̀ọ́ fi 200 sefa ránṣẹ́ sóun, òun fẹ́ pe ilé. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ yẹn dá mi lóhùn pé ṣebí ara ògiri àwọn ilé ọtí wa la ti ń rí i tí wọ́n kọ "crédit est mort", pé ọ̀rọ̀ yẹn ti di tiwa. Ó dáa. Lọ bi bàbá tó jókòó sábẹ́ ògiri yẹn pé kí ni wọ́n kọ síbẹ̀, ohun tó máa sọ ni pé "wọn ò tà láwìn". Àwìn ló bọ́ sí i lẹ́nu, kò kọ́ ọ níléèwé kankan. Àwọn kan tún wà níhà Nàìjíríà tó ń sọ pé "òǹkà ìgbẹ́kẹ̀lé", ìyẹn sàn díẹ̀ ju ti ọmọlúàbí lọ, àmọ́ ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń rìn: wọ́n fi ohun tó wà nínú ọkàn ẹni tó ń tajà ṣe orúkọ fún ohun tí ẹni tó ń rà ti ṣe sẹ́yìn.

Tíṣà Kétu ní ọjà nìkan là ń rà láwìn, pé owó, yíyá là ń yá a. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni káàdì yẹn ń ṣe? O wọ ṣọ́ọ̀bù, o gbé ọjà, o ò san nǹkan kan, bánkì bá ẹ san án fún ọlọ́jà, tí oṣù bá parí kó o wá sanwó bánkì. Tí ìyẹn ò bá jẹ́ àwìn, mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ àwìn mọ́. Ó ní ti ilé àti ọkọ̀ ńkọ́, torí òǹkà yẹn ń ka gbèsè ìyẹn náà. Ẹni tó ń gun ọkọ̀ tí ò tíì san tán, ṣé kì í ṣe ọkọ̀ àwìn ló ń gùn ni? Àwọn tó sì fẹ́ fi FICO àti VantageScore, oríṣi òǹkà yìí méjì tó wà lọ́hùn-ún, dá mi dúró, kí wọ́n má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu, láti 300 dé 850 ni méjèèjì ń kà báyìí, FICO ló kọ́kọ́ jáde ní 1989, ó tán.

Ó wá ku pé kí ló dé tí ẹni tó ní 761 kò fi rí káàdì gbà.

Tantí mi tó ń ta aṣọ ní Ouando ní káyé kan tó ti gbó létí, ibẹ̀ ló ń kọ àwọn tó bá gbé aṣọ láwìn sí. Tó o bá san tán, á fi bíìkì pupa fa igi gbọọrọ lórí ohun tó kọ. Oníbàárà ẹ̀ kan wà tí igi pupa mẹ́sàn-án wà lójú ewé tiẹ̀, kò pẹ́ san rí. Obìnrin yìí dé lọ́jọ́ kan, mo wà níbẹ̀, ó fọwọ́ pa ọ̀pá mẹ́fà kan báyìí, 12 000 sefa, ó ní kí Tantí kọ ọ́ sílẹ̀. Tantí bu omi fún un mu, ó béèrè àwọn ọmọ, ó yin gèlè ẹ̀, kò gbé aṣọ fún un. Ìgbà tó lọ tán mo ní ṣé kì í san ni? Ó ní ó ń san. Ó ní ṣùgbọ́n oṣù yìí nìkan ó ti gbé bàtà lọ́dọ̀ oníbàtà, ó gbé ìkòkò méjì, ó gbé àpò ìrẹsì, ó gbé fóònù fún ọmọ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ àkàrà tó ń tà ò pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Kò tíì já ẹnikẹ́ni kulẹ̀ rí. Mi ò fẹ́ kó torí tèmi bẹ̀rẹ̀."

Káyé yẹn ni òǹkà àwìn. Tantí ni bánkì. Igi pupa kì í gbé aṣọ fúnni.

Ẹ wá padà wo lẹ́tà àbúrò mi, torí òfin wọn ò gbà kí bánkì kọ èèyàn kó wá dákẹ́, láàárín ọjọ́ 30 ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí i, onítọ̀hún sì lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ìdí ẹ̀. Ìlà méjì péré ni, kò sẹ́ni tó kà á nínú ẹbí wa, 761 ni gbogbo wọn tẹjú mọ́. Ìlà kìíní ní káàdì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ti pọ̀ jù. Mo pè é, mo ní mélòó lo gbà? Ó kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Mẹ́rin láàárín oṣù mẹ́jọ, torí ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba káàdì! Ìlà kejì ní owó tó ń wọlé fún un kéré sí ohun tó ti wà lọ́rùn ẹ̀. Èyí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: owó oṣù ò sí nínú òǹkà yẹn rárá. Nínú ti FICO, bó o ṣe ń san gbèsè sí kó 35 nínú ọgọ́rùn-ún, iye tó o ṣì jẹ kó 30, bó ṣe pẹ́ tó tó o ti ń ra àwìn kó 15, àwìn tuntun 10, oríṣiríṣi àwìn 10. Wá a dé ìsàlẹ̀, o ò ní rí iṣẹ́ tó ò ń ṣe níbẹ̀. Bánkì ló máa fúnra ẹ̀ béèrè ìyẹn, tí ohun tó gbọ́ ò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, 761 ẹ ò kàn án. Àwọn míì, ìwé tí wọ́n ń kọ àwìn wọn sí, tí wọ́n ti ń ka òǹkà yẹn, ọdún kan péré ni, káàdì kan ló wà nínú ẹ̀, òǹkà lè dáa àmọ́ ìwé ò nípọn. Àwọn míì ti ìwé ara wọn pa kẹ́nikẹ́ni má lè wò ó, nítorí àwọn gbájúẹ̀, wọ́n wá gbàgbé pé àwọn tì í, bánkì ò rí nǹkan kà.

Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá kọ̀ nítorí ohun tó wà nínú ìwé yẹn lè gba ẹ̀dà kan lọ́fẹ̀ẹ́ láàárín ọjọ́ 60, lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú ìwé ọ̀hún, tí wọ́n dárúkọ ẹ̀ sínú lẹ́tà, ó lè jẹ́ Equifax, Experian tàbí TransUnion. Mo ti ní kó lọ gbà á kó yẹ̀ ẹ́ wò, àṣìṣe lè wà níbẹ̀. Kó má sì tún béèrè káàdì míì báyìí, torí gbogbo ìgbà tó bá béèrè ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, ọdún méjì ló sì ń lò níbẹ̀ kó tó kúrò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà nìkan nìyí, tẹ́ ẹ bá tún lọ yáwó ní bánkì níbí, ẹ ka ìwé tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fọwọ́ sí dáadáa, ẹ lè rí BIC níbẹ̀ (Bureau d'Information sur le Crédit), kì í ṣe bíìkì tẹ́ ẹ fi ń kọ̀wé o, ètò tí BCEAO, bánkì àgbà tó ń tẹ owó sefa, fọwọ́ sí ni, tí bánkì kan fi ń mọ ohun tó o jẹ ní bánkì kejì. Káyé Tantí ti ń bọ̀ wá di ti gbogbo ọjà.

Tíṣà Kétu ò tíì gbà fún mi ṣá. Ó ní òun máa fi "òṣùwọ̀n ọmọlúàbí" kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì òun. Mo ní kò burú, tó bá wá sí Àjàṣẹ́ fún ọdún iléyá, kó kọjá sọ́dọ̀ Tantí ní Ouando, kó sọ fún un pé ọmọlúàbí lòun, kó gbé ọ̀pá mẹ́fà fóun láwìn.