Burma Star kì í ṣe àmì akíkanjú o

Uncle mi tún bẹ̀rẹ̀ ní Sunday, wọ́n ní bàbá àgbà ò ja ogun Hítílà kankan, pé tí wọ́n bá jà á lóòótọ́ Burma Star wọn (mẹ́dà oníràwọ̀ ti ojú ogun Bọ́mà, ìyẹn Myanmar òde òní) dà, ṣebí gbogbo ẹni tó yìnbọn ni wọ́n fún. Mo bá lọ gbé agolo bisikíìtì ìyá àgbà wá. Mẹ́dà tó wà níbẹ̀, róbótó ni, orí Ọba George wà níwájú, lẹ́yìn ẹ̀ kìnnìún dúró lé dírágónì olórí méjì. War Medal nìyẹn. Ẹni tó bá ti ṣe ṣọ́jà fún ọjọ́ 28 láàárín 3 September 1939 sí 2 September 1945 ló ni ín, ibi yòówù kí wọ́n fi í sí.

Ìràwọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀, ibi tẹ́sẹ̀ ẹ tẹ̀ àti ìgbà tó tẹ ibẹ̀ ni wọ́n ń wò, wọn ò ka òkú ọ̀tá mọ́ ẹ lọ́wọ́. Tó o bá wọ Bọ́mà lẹ́nu iṣẹ́ ogun láàárín 11 December 1941 sí 2 September 1945, ọjọ́ kan péré ti tó fún Burma Star. Kúùkù ń gbà á, ṣọ́jà tó ń fi orí ru ẹrù fún 81 Division, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà ń gbà á. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tó fara gbọta ló bá lọ, àwọn Japan yìnbọn fún un níbẹ̀ ní 1944, itan ẹ̀ ṣẹ́, oṣù mẹ́sàn-án ló fi sá pamọ́, ta ló fẹ́ bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé èèyàn mélòó ló pa? Ẹni tó dá bírà lójú ogun, mẹ́dà tiẹ̀ lọ́tọ̀, ọ̀gá ẹ̀ ló máa dárúkọ ẹ̀.

Èyí tó tún ń tan èèyàn jẹ jù ni Africa Star. Ẹni tó jókòó sí bárékè Èkó látìbẹ̀rẹ̀ ogun dópin ò ní in o, Áfíríkà náà ló wà, àmọ́ wọn ò ka apá ọ̀dọ̀ wa mọ́ ojú ogun. Àwọn ṣọ́jà Nàìjíríà tó lé àwọn Ítálì láti Mogadishu ní Sòmálíà dé Jijiga ní Etiópíà ní 1941, àwọn yẹn ni wọ́n ń fún.

Bàbá àgbà ń kọ́ àwọn ṣọ́jà tuntun ní mọ́tò wíwà ní Kàdúná ni, wọn ò wọkọ̀ òkun rí. Uncle gba mẹ́dà lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i síwá yí i sẹ́yìn, wọ́n ní, "Kìnnìún ni lóòótọ́," wọ́n dá a padà sínú agolo.