Mókà, ìlú èbúté kékeré ní Yẹ́mẹ̀n

Mókà, tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní al-Makha, jẹ́ ìlú kékeré kan létí Òkun Pupa ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Yẹ́mẹ̀n, abẹ́ ìpínlẹ̀ Taiz ló wà lónìí. Ẹ má ṣì í mú fún Mẹ́kà o, Mẹ́kà wà lọ́hùn-ún ní Saudi Arabia, kò sì sí létí òkun rárá. Mókà yìí ni orúkọ ẹ̀ wà lára páálí kọfí káàkiri ayé, òun náà ni wọ́n ń dárúkọ tí ẹnì kan bá wọ ilé kọfí tó ní kí wọ́n po kọfí mọ́ ṣokoléètì fún òun. Bẹ́ẹ̀ wọn ò gbin kòkó níbẹ̀ rí, kọfí gan-an ò sì hù níbẹ̀. Iyanrìn ni ilẹ̀ ibẹ̀, oòrùn ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀. Orí òkè lọ́nà jíjìn ni wọ́n ti ń gbin kọfí, Mókà kàn jẹ́ ẹnu ọ̀nà tó ń gbà jáde ni, ohun tó sọ ìlú náà di ńlá nìyẹn, òun náà ló sì pa á nígbà tí kọfí rí ọ̀nà míì gbà.

Bí ibẹ̀ ṣe rí

Ilẹ̀ pẹrẹsẹ etí òkun tí wọ́n ń pè ní Tihama ni ìlú yìí wà, ó fi bíi kìlómítà 75 jìnnà sí Bab el-Mandeb, ìyẹn ẹnu tóóró tí ọkọ̀ ń gbà wọ Òkun Pupa láti gúúsù. Láyé ìgbà yẹn tí kò sí ẹ́ńjìnnì, atẹ́gùn ló ń pinnu ibi tí ọjà máa wà. Atẹ́gùn máa ń gbé ọkọ̀ láti Íńdíà wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí wọ́n máa lọ sókè sí apá àríwá Òkun Pupa, atẹ́gùn á bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ wá pàdé wọn lójú, nítorí náà ọ̀pọ̀ oníṣòwò Íńdíà máa ń já ẹrù sí Mókà, àwọn ọkọ̀ míì á wá gbé e lọ sí Jídà àti Íjíbítì. Láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún ni wọ́n máa ń dé, wọ́n á tà, wọ́n á rà, tó bá di bí oṣù kẹjọ wọ́n á kọjú sílé. Ẹni tí kò bá tètè parí òwò ẹ̀ kí atẹ́gùn tó yí, ó di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn.

Omi etí ibẹ̀ ò jìn, ọkọ̀ ńlá ò lè sún mọ́ ilẹ̀, ṣe ni wọ́n máa ń dúró lókèèrè tí àwọn ọkọ̀ kéékèèké á máa kó ẹrù lọ kó ẹrù bọ̀. Ilẹ̀ yọ bí ìwo méjì sínú omi, odi tí wọ́n to ìbọn ńlá sí wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, èyí tó wà lápá àríwá ń jẹ́ Tayyar, ti gúúsù ń jẹ́ Abd al-Ra'uf. Omi kànga inú ìlú níyọ̀, omi tó dùn, láti òkèèrè ni wọ́n ti ń gbé e wá.

Ṣéù al-Shadhili

Àwọn ará Mókà gbà pé Ali ibn Umar al-Shadhili ni bàbá ìsàlẹ̀ ìlú àwọn. Ọmọ ẹgbẹ́ Súfì ni, ó kú lọ́dún 1418. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ọkọ̀ kan ń ti Íńdíà bọ̀, ó dúró létí omi níbẹ̀, ìgbà tí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ rí ahéré kan wọ́n lọ síbẹ̀, wọ́n bá Ṣéù náà, ó fún wọn ní kọfí mu. Àwọn èèyàn tó wá gbọ́ wáàsí lọ́dọ̀ ẹ̀ ló ra ẹrù inú ọkọ̀ náà, láti ibẹ̀ ni wọ́n ní ọjà ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn ẹnu lèyí, kò yẹ kéèyàn gbé e gẹ́gẹ́ bí ohun tó ní ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ohun tó dájú ni pé àwọn Súfì Yẹ́mẹ̀n wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ kọfí mímu di àṣà, wọ́n ń mu ún kí oorun má bàa gbé wọn níbi síkírì òru. Orúkọ Ṣéù yìí sì tàn débi pé àwọn kan ní Àlùjéríà máa ń pe ife kọfí ní shadhiliyya. Mọ́sáláṣí ẹ̀, tó funfun, tó ní òpó gíga tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí lára, ṣì wà ní Mókà.

Àwọn Tọ́kì, àti ọ̀gá ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sá lọ nínú àgbá

Ṣáájú ọdún 1500, Aden, èbúté kan ní gúúsù Yẹ́mẹ̀n, ni ìlú ńlá lápá ibẹ̀. Lọ́dún 1538 àwọn Tọ́kì Ọ́tómánì gba Aden torí pé wọn ò fẹ́ kí àwọn Potogí jọba lórí òkun náà, wọ́n sì tàn kálẹ̀ dé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yẹ́mẹ̀n. Lábẹ́ wọn ni Mókà ti ń gòkè díẹ̀díẹ̀ tí Aden ń sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ dé Mókà lọ́dún 1609. Ẹni tí ìtàn ẹ̀ wá gbajúmọ̀ jù ni Henry Middleton, tó dé ní oṣù Nòfẹ́ńbà 1610 fún ilé iṣẹ́ òwò Ìlà Oòrùn Íńdíà ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Gómìnà ìlú, Rajab Agha, kí i káàbọ̀ tayọ̀tayọ̀, ó fi aṣọ iyì wọ̀ ọ́, àfi bí wọ́n ṣe ṣùrù bò wọ́n lójijì, wọ́n pa lára àwọn èèyàn ẹ̀, wọ́n sì so òun àti àwọn tó kù ní ẹ̀wọ̀n. Wọ́n mú wọn gun òkè lọ sí Sanaa, olú ìlú Yẹ́mẹ̀n, níwájú Páṣà, ìyẹn gómìnà àgbà àwọn Tọ́kì, nínú òtútù, wọ́n tún dá wọn padà sí Mókà. Ní oṣù Méè 1611 Middleton wọ inú àgbá kan tó ṣófo, wọ́n gbé àgbá náà lọ sínú ọkọ̀ kékeré bí ẹrù, bó ṣe dé inú ọkọ̀ ẹ̀ tán, ó dúró sẹ́nu èbúté, ó ní òun á dí ọ̀nà mọ́ gbogbo ọkọ̀ tó ń bọ̀ tí wọn ò bá tú àwọn èèyàn òun sílẹ̀, kí wọ́n sì san owó ohun tí wọ́n gbà. Wọ́n san án lóòótọ́.

Pẹ̀lú gbogbo wàhálà yẹn wọ́n ṣì padà wá, torí òwò ibẹ̀ dùn. Pieter van den Broecke dé fún àwọn ará Nẹ́dálándì lọ́dún 1616, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣí ilé òwò tiwọn lọ́dún 1618, àwọn Faransé ò dé títí di 1709.

Ìgbà tí Mókà gbà pé òun ni

Ní bíi 1636 àwọn Ìmáàmù ìdílé Qasim, ìyẹn àwọn olórí ẹ̀sìn tó tún ń jọba, lé àwọn Tọ́kì kúrò pátápátá ní Yẹ́mẹ̀n. Láti ìgbà yẹn lọ, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, ni Mókà fi gbayì jù. Ìmáàmù ò gbé ibẹ̀, orí òkè ló ń gbé, gómìnà ló fi sílẹ̀ tó ń gba owó bodè tó sì ń fi ránṣẹ́ sí i, owó yìí wà lára ohun tó mú ìjọba náà dúró. Àwọn Yúróòpù bá wọn ṣe àdéhùn pé 3% ni àwọn á máa san fún owó bodè, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà ni ìjà ń wà lórí ẹ̀, torí gómìnà tuntun dé, á ní òun ò mọ àdéhùn kankan.

Kọfí ò kàn ń bọ́ sí Mókà tààrà. Àwọn àgbẹ̀ máa ń ká a lórí òkè níbi tí wọ́n ti gé ilẹ̀ bí àtẹ̀gùn, wọ́n á sá a, ràkúnmí á gbé e sọ̀ kalẹ̀ wá sí Bayt al-Faqih, ọjà ńlá kan nínú Tihama, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ná owó ẹ̀. Láti Bayt al-Faqih, ẹlòmíì ń lọ sí Hudaydah tàbí Luhayya tó wà lókè, èyí tí àwọn ará Íńdíà àti Yúróòpù bá rà ló ń wá sí Mókà. Àwọn oníṣòwò Káírò ló ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú kọfí Yẹ́mẹ̀n fún ìgbà pípẹ́, kì í ṣe àwọn Òyìnbó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn Òyìnbó ló kọ ìwé tó pọ̀ jù nípa ẹ̀. Àwọn ará Yẹ́mẹ̀n fúnra wọn, èèpo kọfí ni ọ̀pọ̀ wọn ń sè mu, wọ́n ń pè é ní qishr, wọ́n á fi atalẹ̀ sí i.

Kọfí nìkan kọ́ ni wọ́n ń tà o. Aṣọ òwú láti Gujarat ń wọlé rẹpẹtẹ, ìrẹsì, irin, àwọn èròjà ọbẹ̀ náà, tùràrí àti òjíá ń ti etí òkun Sómálíà wá, wọ́n sì ń kó ẹrú wá láti ilẹ̀ Áfíríkà. Fàdákà ni wọ́n fi ń sanwó. Fàdákà tí wọ́n wà jáde ní Amẹ́ríkà lábẹ́ àwọn Sípéènì á gba Yúróòpù, á gba Íjíbítì, á dé Mókà, ibẹ̀ ló ti ń bá ọkọ̀ lọ sí Surat ní Íńdíà.

Àwọn tó mọ òwò yìí dénú jù ni àwọn Banyan, ìyẹn àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù àti Jáínì láti Gujarat. Àwọn ni alágbàtà gbogbo èèyàn, wọ́n ń yá èèyàn lówó, wọ́n ń wọn fàdákà, wọ́n ń túmọ̀ èdè, Òyìnbó tí kò bá ní Banyan tirẹ̀ ò lè ra àpò kọfí kan. Odi yí ìlú ká, àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ńláńlá wà létí omi, inú ilé yìí kan náà ni oníṣòwò ń sùn sí, tó ń kó ẹrù sí, tó ń gbàlejò sí. Àwọn Júù àti àwọn Sómálì ní àdúgbò tiwọn lẹ́yìn odi. Àwọn Júù jìyà gan-an lápá ibẹ̀, lọ́dún 1679 Ìmáàmù lé ọ̀pọ̀ Júù Yẹ́mẹ̀n kúrò nílùú wọn lọ sí Mawza, tí kò jìnnà sí Mókà, ooru àti àìsàn pa ọ̀pọ̀ wọn níbẹ̀ kí wọ́n tó ní kí àwọn tó kù máa padà bọ̀.

Àpẹẹrẹ bí àwọn oníbodè Mókà ṣe le tó wà nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Carsten Niebuhr àti àwọn onímọ̀ tí ọba Dẹ́nmákì rán wá, tí wọ́n dé lọ́dún 1763. Wọ́n ti kó ẹja àti ejò sínú ìgò pẹ̀lú ọtí líle kó má bàa jẹrà, àwọn oníbodè ní dandan kí wọ́n ṣí i, òórùn gba gbogbo ilé, ni wọ́n bá ní ṣe ni àwọn àlejò yìí fẹ́ fún ará ìlú ní májèlé. Wọ́n ju ẹrù wọn síta. Ní oṣù Méè ọdún yẹn, ọ̀kan nínú wọn, Frederik von Haven, kú síbẹ̀.

Bó ṣe bàjẹ́

Nígbà tí Niebuhr dé, ọwọ́ Mókà ti ń rọ̀. Àwọn ará Nẹ́dálándì ti rí irúgbìn kọfí kó kúrò ní etí òkun yìí àti láti Malabar ní Íńdíà, wọ́n gbìn ín sí Java láti òpin àwọn ọdún 1690, ó sì hù. Lọ́dún 1721, 90% kọfí tó wọ ọjà Amsterdam ló jẹ́ ti Mókà, ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn ẹ̀, 90% ti di ti Java. Àwọn Faransé gbé tiwọn lọ sí erékùṣù Bourbon ní 1715, lẹ́yìn náà Martinique, ó dé Bùràsíìlì ní 1727. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ lọ́rọ̀ ti wá kan àwọn ará ilé wa, torí nígbà tí oko kọfí ń gbilẹ̀ ní Kúbà, àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú, tí wọ́n ń pè ní Lùkùmí, wà lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní 1833, ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní oko kọfí kan tó ń jẹ́ Salvador ní ìwọ̀ oòrùn Havana, àwọn Lùkùmí tí ọ̀pọ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló dìde síbẹ̀, àwọn ọmọ ogun sì pa ọ̀pọ̀ wọn nípakúpa. Igi kọfí inú oko wọ̀nyẹn, tèèyàn bá tọ ìdílé ẹ̀ lọ, Yẹ́mẹ̀n ló máa já sí.

Ogun náà ò jẹ́ kí Mókà gbádùn. Àwọn Faransé yìnbọn ńlá sí ìlú náà lọ́dún 1737 nítorí gbèsè tí gómìnà jẹ wọ́n àti owó bodè, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní Dìsẹ́ńbà 1820 torí pé wọ́n hùwà àbùkù sí aṣojú wọn níbẹ̀. Láàárín méjèèjì, òwò kan ṣì wà, àwọn ará Amẹ́ríkà láti Salem bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti 1798, ọkọ̀ Recovery ló kọ́kọ́ dé. Ní 1832 ọmọ ogun Tọ́kì kan tó ya ọlọ̀tẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Türkçe Bilmez, gba ìlú náà, ọdún tó tẹ̀ lé e àwọn ará Asir, ilẹ̀ olókè kan lápá àríwá Yẹ́mẹ̀n, wọlé wá kó o, lẹ́yìn ìyẹn ó bọ́ sọ́wọ́ Íjíbítì títí di 1840.

Lójú tèmi, Aden ló wá fọwọ́ bò ó lójú pátápátá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Aden ní Jánúárì 1839, nígbà tó di 1850 wọ́n ní kò sí owó bodè níbẹ̀ mọ́. Omi Aden jìn, ọkọ̀ tó ń lo èédú lè wọlé, ta ló tún fẹ́ máa dúró lókèèrè ní Mókà kí wọ́n máa fi ọkọ̀ kékeré kó ẹrù? Àwọn Tọ́kì tó padà dé ní 1849 náà, Hudaydah ni wọ́n gbájú mọ́. Àwọn oníṣòwò kó lọ, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń wó, iyanrìn ń bò ó.

Láti 2015 títí di ìsinsìnyí

Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀, àwọn Houthi, ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ láti àríwá Yẹ́mẹ̀n, gba Mókà. Ní Máàṣì 2015 yẹn ni Mokhtar Alkhanshali, ọmọ Yẹ́mẹ̀n tó dàgbà ní Amẹ́ríkà, wọ ọkọ̀ kékeré kan ní Mókà, ó gba orí omi lọ sí Djibouti pẹ̀lú àpótí tí kọfí kún inú ẹ̀, torí pápákọ̀ òfurufú ti tì, ó sì fẹ́ gbé kọfí náà dé ibi ìpàtẹ kan ní Seattle. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, ní 24 Júláì, ọkọ̀ òfurufú àwọn tí Saudi Arabia ṣáájú ju bọ́ǹbù sí ilé àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ iná mànàmáná tó wà ní Mókà, ó lé ní ọgọ́ta èèyàn tó kú, tìyàwó tọmọ ló wà lára wọn. Àwọn ọmọ ogun ìjọba pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ United Arab Emirates gba ìlú náà padà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017, ibẹ̀ ni Tariq Saleh tó jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ààrẹ àná, Ali Abdullah Saleh, fi ṣe ibùdó. Iṣẹ́ ẹja ni ọ̀pọ̀ ará ìlú ń ṣe. Àwọn ògiri ilé oníṣòwò ìgbà náà ti fẹ́ẹ̀ tán nílẹ̀, mọ́sáláṣí al-Shadhili ló ṣì dúró láàárín wọn.