Kantíkantí ilẹ̀ tútù: jíìnì tó wà nídìí ìtóbi ẹyin wọn

Kantíkantí (Drosophila melanogaster) ni kòkòrò kékeré yẹn tó máa ń ṣù bo akèrègbè ẹmu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù, ẹni tó bá dé ọjà Àtakúnmọ́sà n'Iléṣà á bá a níbẹ̀ (kì í ṣe gbogbo wọn ni melanogaster o, èyí tó nílà funfun lórí àti lẹ́yìn, Zaprionus nìyẹn). Ẹyin ẹ̀ ò gùn ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ. Áfíríkà níbí ló ti ṣẹ̀ kó tó bá èèyàn dé ibi gbogbo, torí náà kì í ṣe pé ẹyin tiwa ló súnkì, ti àwọn tó lọ gbé ilẹ̀ tútù ló ń tóbi sí i.

Ọ̀nà méjì tí òtútù ń gbà

Òtútù lè mú kí ẹyin tóbi lójú ẹsẹ̀, ó sì lè mú kó tóbi láti ìran dé ìran, àwọn èèyàn sábà máa ń da méjèèjì pọ̀. Kantíkantí èyíkéyìí téèyàn bá sìn níbi tó tutù á yé ẹyin tó tóbi díẹ̀, jíìnì ẹ̀ (àṣẹ inú ara tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí) ò sì yí padà rárá. Èyí tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí la ń sọ níbí, kéèyàn tó lè yà á sọ́tọ̀ àfi kó sin ti ilẹ̀ tútù àti ti ilẹ̀ gbígbóná nínú ooru kan náà kó wá wọn ẹyin wọn. Iṣẹ́ kan tó jáde ní 1996 ṣe bẹ́ẹ̀: àwọn tó ti ń gbé lábù ní dìgírì 16.5 Celsius fún ọdún bíi mélòó kan, ẹyin wọn tóbi ju tàwọn tó wà ní 25, àwọn tí wọ́n mú láti apá ibi tó tutù ní Australia àti Gúúsù Amẹ́ríkà náà rí bẹ́ẹ̀. Ti orí òkè Ethiopia náà ń yé ẹyin tó tóbi ju ti Zambia, àmọ́ iye tó ń yé kéré. Ọyẹ́ n'Ífẹ̀ ò jọ òtútù àwọn ilẹ̀ yìí, àfẹ̀mọ́júmọ́ ló ń tutù, tó bá di ọ̀sán ooru ti dé.

Jíìnì

Jíìnì ìyá ló ń sọ bí ẹyin ṣe máa tóbi tó, kì í ṣe ti ọmọ inú ẹ̀, torí inú ìyá ni wọ́n ti ń kọ́ ẹyin náà tán: sẹ́ẹ̀lì 15 ló ń bọ́ ẹyin kan ṣoṣo, ihò kékeré ni wọ́n ń gbà da oúnjẹ sí i nínú. Kò sí jíìnì kan pàtó tó dá a ṣe. Ní 2015, àwọn kan ṣa kantíkantí tó ń yé ẹyin ńlá sọ́tọ̀, wọ́n ṣa ti ẹyin kékeré náà, wọ́n ka DNA wọn (ohun tí jíìnì wà nínú ẹ̀) látòkè délẹ̀, ibi tó yàtọ̀ sì pọ̀ káàkiri, kálukú ẹ̀ ń dá díẹ̀díẹ̀ sí i.

Àǹfààní ẹ̀

Ó dà bíi pé ìdin tó jáde látinú ẹyin ńlá ń tètè dàgbà.