Ìbọn tó ń dún ní Kétu: ti ọdẹ ni àbí ti ogun?

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 2025, àwọn agbésùnmọ̀mí pa ọmọ ogun 54 ní àríwá Bẹ̀nẹ̀. Kétu tiwa ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀ jìnnà síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìròyìn náà ti kó àyà èèyàn sókè débi pé ìbọn tí wọ́n ń yìn níbi òkú ọdẹ lásán ń dẹ́rù bà wọ́n. Àwọn mìíràn ń bèèrè bóyá ìjọba máa gba ìbọn lọ́wọ́ ọdẹ. Ìdáhùn nìyí.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ìbọn òkú ni?

Ẹ fetí sí àlàfo rẹ̀. Ṣakabùlà, tí à ń ki láti ẹnu, ẹ̀ẹ̀kan ló ń dún kí wọ́n tó tún un ki. Á dún gbòò, èéfín funfun á sì bo ẹni tó yin ín. Bí ọwọ́ ọdẹ bá yá dáadáa, á tó bí ìdajì ìṣẹ́jú kó tó dún lẹ́ẹ̀kejì. Ìbọn ogun sábà máa ń ró tatatata láìsinmi. Bí ẹ bá gbọ́ irú èyí, ẹ wọlé, ẹ sùn sílẹ̀ lẹ́yìn ògiri, ẹ má yọjú lójú fèrèsé.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń yìnbọn fún òkú ọdẹ?

Ìbọn ni wọ́n fi ń sọ fún ìlú pé ọdẹ kan ti lọ. Níbi ìṣípà ọdẹ, wọ́n á sun ìrèmọ̀jé, ewì arò àwọn ọdẹ, wọ́n á sì ṣe ètùtù tó ń yọ olóògbé kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ṣì ń wọ igbó.

Ṣé ìbọn jẹ́ àṣà wa bó ṣe jẹ́ ti Amẹ́ríkà ni?

Rárá, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń lọ́ mọ́ra wọn. Ní 1791 ni Amẹ́ríkà fi ẹ̀tọ́ láti ní ohun ìjà sínú òfin ilẹ̀ wọn. Ní 2008, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ dájọ́ pé ẹ̀tọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni, kó lè fi dáàbò bo ara rẹ̀ nínú ilé. Ní Mòsáḿbíìkì, ìbọn wà lára àsíá láti 1983, nítorí òun ni wọ́n fi bá Pọ́túgà jà kí wọ́n tó gba òmìnira ní 1975.

Àwa náà ní ère obìnrin jagunjagun Dàhòmì tí wọ́n ṣí ní Kútọnù ní 2022. Ó ga ní mítà 30, ìbọn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ Kétu ò lè wo ìbọn yẹn bí ẹlòmíràn ṣe ń wò ó. Ní 1886, ọmọ ogun Ọba Glele ti Dàhòmì wọ Kétu, wọ́n ba ìlú jẹ́, wọ́n sì kó àwọn èèyàn lọ sí Àgbómẹ̀. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì tán ni àwọn ará Kétu tó padà wá tún ìlú ṣe. Ohun tí Kétu fi ń yangàn títí dòní ni Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè ìlú, àti yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká.

Lọ́dọ̀ wa, iṣẹ́ ló ni ìbọn. Ọdẹ ń bá Ògún mulẹ̀, olórí ọdẹ sì mọ̀ ọ́n. Bó bá fi ìbọn ṣìwà hù, ẹgbẹ́ á pè é wá jíhìn. Torí náà, mi ò gbà pé ìforúkọsílẹ̀ ìbọn lọ́dọ̀ ìjọba lòdì sí àṣà. Kò sí ìgbà kan tí ọdẹ kì í jíhìn fún ẹnikẹ́ni.

Ṣé wọ́n máa gba ìbọn ọdẹ?

Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fọwọ́ sí ní Àbújá ní oṣù kẹfà ọdún 2006 kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí aráàlú má ní ohun ìjà ogun ńlá, irú èyí tí ń ju gìrìnéèdì. Ìbọn kékeré gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ.

Níbo ni mo ti máa bèèrè ìwé àṣẹ?

Ní kọmisaríà ọlọ́pàá àdúgbò yín. Ẹ má wá sàndáámù mọ́, wọ́n ti da wọ́n pọ̀ mọ́ ọlọ́pàá láti oṣù kìíní ọdún 2018. Ẹ fi ìbọn sílé nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ lọ bèèrè.

Ẹ̀tù lásán ni wọ́n ń ki níbi òkú. Ṣé ó lè pa èèyàn?

Ó lè pa á. Àkísà tí wọ́n fi dí ẹ̀tù ń jáde pẹ̀lú iná, bó bá sì ba èèyàn nítòsí, á wọ ara rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má dúró síwájú ẹni tó ń yìnbọn, kódà bí wọ́n bá ní kò sí ọta nínú rẹ̀.

Ohun tó ń bá ọwọ́ ọdẹ jẹ́ jù ni ìkánjú. Lẹ́yìn tí ìbọn bá dún, ẹyin iná lè kù nínú rẹ̀. Bí ó bá da ẹ̀tù sí i tààrà láti inú àdó tó ń kó ẹ̀tù sí, iná á gba ẹ̀tù náà padà bọ́ sínú àdó, gbogbo rẹ̀ á bú lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan ni kó dà sínú ìdérí kékeré, kó dé àdó, kó gbé e jìnnà, kó tó da ti ìdérí sínú ìbọn. Bí ìbọn bá sì kọ̀ tí kò dún, kó kọjú ẹnu rẹ̀ síbi tí kò séèyàn fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán. Ó lè pẹ́ kó dún.

Bákan náà, ẹ sá fún ìbọn tí wọ́n fi páìpù omi ṣe. Ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ ló ń là.

Bàbá mi kú, ìbọn rẹ̀ ṣì wà lára ògiri. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ gbà pé ẹ̀tù wà nínú rẹ̀, ìbáà ti lo ogún ọdún níbẹ̀. Ẹ̀tù tó gbẹ ṣì lè gbiná. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ pe olórí ọdẹ. Á ti ọ̀pá tí a fi ń ki ìbọn bọ ẹnu rẹ̀ jẹ́jẹ́, láìgbé ojú sórí ẹnu ìbọn. Á sàmì sára ọ̀pá náà ní ọ̀gangan ẹnu ìbọn, á fà á yọ, á wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn lóde. Bí orí ọ̀pá bá dé ọ̀gangan ihò kékeré tí iná ń gbà wọlé, òfìfo ni. Bó bá ku ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó débẹ̀, wọ́n ti ki í. Kí òun fúnra rẹ̀ tú u. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sọ fún ọlọ́pàá pé ó wà lọ́wọ́ yín, torí bí bàbá bá tiẹ̀ ní ìwé àṣẹ, orúkọ tirẹ̀ ló wà nínú rẹ̀.