Atanetíjẹ: Orúkọ Tó Yẹ Ẹ̀rọ Yìí

Mo tún rí i lọ́sẹ̀ yìí tí ẹnìkan kọ ọ́ pé “ẹ̀rọ ohùn àyíká”, inú sì bí mi. Ẹ̀rọ tí à ń so mọ́ hẹ́dífóònù kí fíìmù tí à ń wò nílé lè máa dún yí wa ká ló ń sọ. Àṣìṣe méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn.

Ohùn jẹ́ ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀, tàbí ti ohun tí a gbà pé ó ń sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí dùndún fi ní ohùn. Ilẹ̀kùn tó pa gbàgà, ọta ìbọn tó fò kọjá lẹ́yìn orí, ìró ni tiwọn. Ti “àyíká” ló tilẹ̀ burú jù. Ọ̀pọ̀ hẹ́dífóònù òde òní ló ní bọ́tìnì tó ń jẹ́ kí ariwo ìta wọlé, kí ọkọ̀ má baà gbá ẹni lójú títì. Ìyẹn gan-an ni ìró àyíká! Ẹni tó bá fi orúkọ yìí wá ẹ̀rọ fíìmù, bọ́tìnì yẹn ni yóò rí rà.

Atanetíjẹ ni mo ń pè é ní tèmi. Wọ́n ti bá mi jà lórí rẹ̀, pé ọ̀rọ̀ ọ̀daràn ni, pé ta ni yóò fowó ra ẹ̀tàn. Mi ò yí i padà, nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn. Sípíkà méjì péré ló wà létí wa, síbẹ̀ ó fẹ́ ká gbà pé márùn-ún tàbí méje ló tò yí àga wa ká. Kí la ó pe ìyẹn bí kì í bá ṣe ẹ̀tàn? Ẹni tó bá sì mọ̀ pé ẹ̀tàn ló fẹ́ rà, yóò béèrè bóyá etí òun ni ẹ̀rọ náà lè tàn.

Ẹ fi ìka méjì ra ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Ẹ wá ká etí náà síwájú, kí ẹ tún un ṣe. Ìró ti yí padà, bẹ́ẹ̀ ìka kò kúrò níbi tó wà. Gbogbo ìró tó bá wọlé ni etí àti orí ń lu òǹtẹ̀, bí ilé ìfìwéránṣẹ́ ṣe ń lu òǹtẹ̀ ìlú tí lẹ́tà ti wá. Èyí tó ti ọ̀tún wá yóò kọ́kọ́ kan etí ọ̀tún. Kó tó dé òsì kò ní pé ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, orí á sì ti dí i lọ́nà díẹ̀. Òǹtẹ̀ yìí ni ọpọlọ ń kà. Atanetíjẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà etí, ibẹ̀ ló ti ń kọ lẹ́tà, ó wá ń lu òǹtẹ̀ ọ̀nà jíjìn mọ́ ọn.

Àmọ́ òǹtẹ̀ etí yín kọ́ ni ti etí mi. Etí àfijọ kan ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn fún gbogbo ayé. Nínú èyí tí mo kọ́kọ́ rà, ìró ẹsẹ̀ ẹni tó ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn, àárín orí mi ló ti ń dún. Ó pẹ́ kí n tó gbà pé ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́, orí mi ni kò bá tirẹ̀ mu. Realiser A16, atanetíjẹ tí ilé iṣẹ́ Smyth Research ṣe, gba ọ̀nà mìíràn: a ó ki máíkì kékeré bọ ihò etí, sípíkà gidi yóò dún nínú yàrá, ẹ̀rọ yóò sì gba òǹtẹ̀ etí onítọ̀hún sílẹ̀. Ó tún ń mọ̀ bí orí bá yí, kí ìró má baà bá orí lọ. Owó rẹ̀ ga. Bí apá kò bá ká a, ẹ wá èyí tó ní oríṣi etí mélòó kan tí ẹ lè dán wò.

5.1 tàbí 7.1, ìyẹn sípíkà márùn-ún tàbí méje pẹ̀lú ẹyọ kan fún ìró tó rinlẹ̀? Kò jẹ́ nǹkan kan lójú mi. Okùn tó ń gbé ìró wọlé ló ṣe kókó. Okùn oníìmọ́lẹ̀ (optical) lè gbé Dolby Digital 5.1, ìró fíìmù tí wọ́n ti fún pọ̀ kó lè fúyẹ́, kò lè gbé Dolby TrueHD, èyí tí wọn kò yọ nǹkan kan nínú ìró rẹ̀. Okùn HDMI ló lè gbé ìyẹn. Bí tẹlifíṣọ̀n bá ti pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ọ̀tún òun òsì kó tó fi ránṣẹ́, ẹ̀rọ kò ní rí ìró ẹ̀yìn tí yóò lu òǹtẹ̀. Ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá atanetíjẹ mìíràn ń ṣiṣẹ́ nínú tẹlifíṣọ̀n tàbí nínú hẹ́dífóònù fúnra rẹ̀. Ẹ pa á. Bí òǹtẹ̀ méjì bá wà lórí lẹ́tà kan, ọpọlọ kò ní mọ èyí tí yóò kà.