Ẹ̀tọ́ láti ní ìbọn ní Amẹ́ríkà àti ojúṣe ìjọba

Ìjà tí wọ́n ń jà lórí òfin ìbọn ní Amẹ́ríkà, tèèyàn bá tẹ́tí sí i dáadáa, ọ̀rọ̀ ohun tí ìjọba jẹ ará ìlú ló wà nídìí ẹ̀. Àwọn lọ́yà pín ẹ̀tọ́ sí oríṣi méjì. Ọ̀kan ni ẹ̀tọ́ "ẹ má dí mi lọ́wọ́", kí ìjọba ṣáà jìnnà síni, kó má pani lẹ́nu mọ́, kó má já wọlé onílé. Ìkejì ni ẹ̀tọ́ "ẹ ṣe é fún mi", bíi ilé ìwé ọ̀fẹ́ àti ìtọ́jú ọsibítù, èyí tó jẹ́ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ náwó sí i kó tó wáyé. Ọ̀rọ̀ tí onímọ̀ èrò orí Isaiah Berlin sọ ní Oxford lọ́dún 1958 wà lára ohun tó jẹ́ kí ìpín yìí gbajúmọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òmìnira lòun ń sọ ní tiẹ̀.

Àtúnṣe Kejì sí ìwé òfin Amẹ́ríkà, èyí tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ láti ní ìbọn, tó sì wọlé lọ́dún 1791, ni àwọn onìbọn dì mú. Lọ́dún 2008, nínú ẹjọ́ Heller, Súpírímù Kóòtù fi adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin sọ pé èèyàn lè ní ìbọn nílé ẹ̀ láti gba ara ẹ̀ là, wọ́n wá wọ́gi lé òfin Washington, olú ìlú Amẹ́ríkà, tó ní kí ará ìlú má ní ìbọn ìléwọ́. Oríṣi àkọ́kọ́ gan-an nìyẹn, torí ìjọba ò ní ra ìbọn fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ Adájọ́ Antonin Scalia tó kọ ìdájọ́ yẹn fúnra ẹ̀ sọ pé ẹ̀tọ́ náà láàlà, wọ́n ṣì lè ka ìbọn léèwọ̀ fún ọ̀daràn àti ní ilé ìwé. Lọ́dún 2024 náà, mẹ́jọ nínú adájọ́ mẹ́sàn-án gbà nínú ẹjọ́ Rahimi pé wọ́n lè gba ìbọn lọ́wọ́ ẹni tí kóòtù ti rí i pé ó léwu fún ìyàwó tàbí ọ̀rẹ́bìnrin ẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ òfin líle ní tiwọn ń sọ pé ọmọ tó lọ sílé ìwé lẹ́tọ̀ọ́ láti padà sílé láàyè, wọ́n á sì dárúkọ ilé ìwé méjì tí wọ́n ti yìnbọn pa èèyàn: Sandy Hook (2012), níbi tí ọmọ 20 àti òṣìṣẹ́ 6 ti kú, àti èyí tó wà ní ìlú Uvalde (2022), níbi tí ọmọ 19 àti tíṣà 2 ti kú, tí ọlọ́pàá sì dúró síta kíláàsì fún wákàtí kan ó lé kí wọ́n tó wọlé. Ẹ̀tọ́ "ẹ ṣe é fún mi" lèyí, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà sì wà, torí àwọn kóòtù Amẹ́ríkà ò fara mọ́ ọn. Nínú ẹjọ́ DeShaney lọ́dún 1989, wọ́n ní ìwé òfin ò fi dandan mú ìjọba láti gba ẹnì kan sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíì. Lọ́dún 2005 wọ́n tún sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Castle Rock, nípa ìyá kan ní Colorado tó ń bẹ ọlọ́pàá títí, tó sì ní ìwé kóòtù tó dáàbò bò ó lọ́wọ́, kí ọkọ tí wọ́n ti pínyà tó pa ọmọbìnrin wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti àwọn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà dá Amẹ́ríkà lẹ́bi lórí ẹ̀ lọ́dún 2011, àmọ́ kò yí ìdájọ́ Súpírímù Kóòtù padà.

Àwọn onìbọn wá ní, tí ọlọ́pàá ò bá jẹ wá ní ààbò, kí lẹ fẹ́ gba ìbọn wa fún? Ìbéèrè yẹn le lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kóòtù ò sọ pé ìjọba ò lágbára láti dáàbò bo èèyàn o, ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹ ò lè pè é lẹ́jọ́ tí ò bá ṣe é, ọ̀rọ̀ méjèèjì yàtọ̀ síra. Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà náà nídìí tiwọn láti fura sí òfin ìbọn, torí lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, òfin àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù kan ka ìbọn léèwọ̀ fún wọn, lọ́dún 1967 sì ni California fòfin de gbígbé ìbọn tó lọ́ta nínú rìn láàárín ìlú, nígbà tí àwọn Black Panther, ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú tó ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn, ń gbébọn tẹ̀ lé ọlọ́pàá kiri.

Ní Nàìjíríà ìwé òfin ò fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ sí ìbọn, láísẹ́ǹsì ni Òfin Ìbọn 1959 béèrè. Abala 14 ní ààbò àti ire ará ìlú ni iṣẹ́ ìjọba tó ṣáájú, àmọ́ orí kejì ìwé òfin ló wà, abala 6 sì ti yọ ohun tó wà ní orí yẹn kúrò lára ohun tí kóòtù lè dá ẹjọ́ lé lórí.