Wíwò lásán kọ́ la fi ń mọ ẹni tó gbẹ́ ère mábù

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ, pé ẹni tójú ẹ̀ bá là sí iṣẹ́ ọnà, tó bá ti rí ère mábù kékeré tó jọjú báyìí, wíwò lásán ló máa fi sọ pé Bernini, ọ̀gá agbẹ́re ará Ítálì láyé àtijọ́, ló gbẹ́ ẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ wo ère Amalthea, ewúrẹ́ inú ìtàn àwọn Gíríìkì àtijọ́, tó wà ní mùsíọ̀mù Galleria Borghese ní Róòmù. Kò ju sẹ̀ńtímítà 45 lọ, ewúrẹ́ onírun ṣákiṣàki kan ló dùbúlẹ̀, ọmọdé kan ń fún wàrà lára ẹ̀, èkejì ń mu tiẹ̀. Ó pẹ́ gan-an táwọn èèyàn gbà pé iṣẹ́ Róòmù ayé àtijọ́ ni, àwọn tójú wọn là ló sì ń sọ bẹ́ẹ̀ o, àfìgbà tí Roberto Longhi, ọ̀mọ̀wé nípa iṣẹ́ ọnà, sọ ní 1926 pé Bernini ni. Ohun tó jẹ́ ká mọ̀ pé ère náà ti wà nílẹ̀ ní 1615 ni owó tí wọ́n san fún káfíńtà tó ṣe pákó tí wọ́n gbé e lé, ọmọ ọdún 16 sì ni Bernini nígbà yẹn, lọ́dọ̀ Pietro bàbá ẹ̀ ló ti ń kọ́ṣẹ́. Sandrart ará Jámánì, tó kọ̀wé nípa àwọn oníṣẹ́ ọnà, sì ti kọ ọ́ sínú ìwé tipẹ́ ní 1675 pé iṣẹ́ Bernini ni. Síbẹ̀ náà, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ṣì ń jiyàn sí i dòní.

Ẹwà gan-an máa ń tan èèyàn. Àwọn ewé tín-ín-rín tó ń hù níka Daphne, ọmọbìnrin inú ìtàn àwọn Gíríìkì tó di igi, nínú ère Apollo àti Daphne (1622 sí 1625), tí gbogbo ayé fi ń yin Bernini, Giuliano Finelli tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló gbẹ́ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀! Ọ̀gá kan, ọwọ́ púpọ̀, bí ṣọ́ọ̀bù wọn ṣe rí nìyẹn.

Torí náà ẹ̀yìn ère ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yí sí, ẹ wo abẹ́ apá àti àárín irun, níbi tí wọn ò ti dán an, ibẹ̀ lojú ṣísẹ́ẹ̀lì àti ihò dírílì ṣì máa ń hàn, kẹ́ ẹ wá fi wé ère míì tí ìwé owó ẹ̀ ṣì wà. Tí mùsíọ̀mù bá sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé "a gbà pé ti Bernini ni", tàbí "láti ṣọ́ọ̀bù Bernini", ẹ má kà á bíi pé "Bernini" nìkan ni wọ́n kọ.